Dẹ́rẹ́bà Tí Kò Lè Bọ́ Bàtà Rẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í gba ìmọ̀ràn. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Dẹ́rẹ́bà kan wà tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò gba inú pápá kọjá. Koríko níwájú, koríko lẹ́yìn, kòtò láàárín. Ẹni tó bá jẹun yó kó tó wọkọ̀, á kábàámọ̀. Ọkọ̀ náà nìkan ni dẹ́rẹ́bà yìí ní láyé, yàtọ̀ sí ẹnu.

Àbàtà kan wà láàárín pápá tí ọ̀nà gba inú rẹ̀. Àṣà àwọn dẹ́rẹ́bà níbẹ̀ ni pé, lásìkò òjò, o ó pa ẹ́ńjìnnì, o ó bọ́ bàtà, o ó ká ṣòkòtò, o ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn ín já kí táyà tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bá rì sí, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wa náà ń ṣe é, títí di ọjọ́ tó ra bàtà tuntun.

2.
Ẹ̀yin èèyàn mi, bàtà náà funfun! Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró ló ti ń fi aṣọ nù ún, èrò á máa retí rẹ̀ bí ẹni ń retí ìyàwó tó ń kun àtíkè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Bàtà Funfun. Kàkà kó bínú, ṣe ló ń yan bí ọ̀gá ṣọ́jà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nínú ọkọ̀. Aránṣọ ni. Ilé ọkọ ti sú u, ó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nílùú. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n dì sórí ọkọ̀ nìkan ló mú jáde nílé ọkùnrin náà. Bí ẹ̀rọ yẹn bá bàjẹ́, ibi tó ti sá wá ló máa padà sí.

3.
Wọ́n dé àbàtà. Òjò ti rọ̀, koríko ti bo ojú ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Àbúrò mi, ṣé o ò ní sọ̀ kalẹ̀ wo ilẹ̀ ni?"

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ń rí i láti ibí."

"Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń wo ẹrẹ̀. Bọ́ bàtà rẹ."

"Bàtà yìí? Nínú ẹrẹ̀ yẹn?"

Bàbá arúgbó kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Dẹ́rẹ́bà, gbé e wá kí n bá ọ mú un dání. Mi ò ní wọ̀ ọ́ o, ẹsẹ̀ mi tóbi."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ojú dẹ́rẹ́bà pọ́n. "Ẹni tí ọkọ̀ mi ò bá tẹ́ lọ́rùn, ilẹ̀kùn nìyẹn!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. "Ó dáa. Ṣí i."

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí níwájú èrò ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni. Mi ò ní bá òmíràn rì sínú ẹrẹ̀ nítorí pé ọmú kan náà la mu."

Dẹ́rẹ́bà kọ̀, kò bá a tú ẹrù. Obìnrin yìí fún ìró mọ́dìí, ó gun orí ọkọ̀, ó fi eyín tú okùn, ó sì rọra fi okùn náà sọ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá arúgbó gbà á nísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù rí èyí, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ fi ṣófo.

"Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn bí màlúù!" ni Bàtà Funfun wí. "Màá dúró wò yín lódìkejì!" Ó tẹná.

Kò dé ìdajì. Táyà iwájú rì; ó tún tẹná sí i. Ọkọ̀ rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ó sì dùbúlẹ̀. Ọ̀gá gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe? Ó ń wá ìkejì.

4.
Ọkọ̀ akẹ́rù kan dé. Dẹ́rẹ́bà tirẹ̀ bọ́ bàtà, ó rin ilẹ̀ wò, ó kó èrò àti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì kọjá. Ẹ̀gbọ́n Bàtà Funfun pè é látinú ọkọ̀ náà:

"Àbúrò mi, wọlé, ká lọ wá ẹni tó máa fà á jáde."

"Èmi, lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn? Ẹ máa lọ! Ọkọ̀ mi á dìde."

Òjò tún rọ̀ nírọ̀lẹ́. Kó tó gbà láti wá ìrànlọ́wọ́, ẹrẹ̀ ti gbé ọkọ̀ mì dé ojú fèrèsé. Koríko ti hù nínú rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti ń fi ìnagijẹ dẹ́rẹ́bà náà pè é. Àwọn dẹ́rẹ́bà a máa sọ fún ara wọn pé, "Bó o bá ti rí Bàtà Funfun, pa ẹ́ńjìnnì." Òkìkí tó ń wá, ó kúkú rí i.

Lónìí, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń jókòó sí. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fà á. Ká ní ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ ni, ọkọ̀ ì bá wúwo tó láti dúró."

Obìnrin náà kò dá ẹ̀rọ dúró. "Ká ní mi ò sọ̀ kalẹ̀, ilé ta ni ìwọ ì bá ti máa jẹun?"

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ̀yin èrò, bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn hàn yín, ẹ gba ibẹ̀ jáde, ẹ sì gbé ẹrù yín dání, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló ń wakọ̀. Ẹrẹ̀ tó bá kan ẹsẹ̀, omi á fọ̀ ọ́. Èyí tó gbé ọkọ̀ mì ńkọ́?

Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo alágídí tí ẹ mọ̀. Bó bá bínú, ẹ kàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀.