Ẹ̀rọ Ìṣọ̀kan Tí Kò Níná

Bíṣọ́ọ̀bù Látúnjí ti dórí pẹpẹ kó tó rántí pé òun ò ṣáàjì ẹ̀rọ tó ń tún ìwàásù òun ṣe sétí ìjọ mẹ́ta tó ń jọ́sìn pọ̀. Ẹ̀rọ náà máa ń fi ariwo kún un fáwọn Pẹ́ńtíkọ́sì, ìran fáwọn aláṣọ funfun, ìwé àdúrà fáwọn Áńgílíkà. Ó gbà pé ìjọ á tú ká lónìí. Ó kàn sọ̀rọ̀ ìfẹ́ díẹ̀, ó jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àdúrà àwọn aláṣọ funfun fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ti ìjọ wa gan-an lẹ ṣe lónìí. Ẹ má jẹ́ káwọn tó kù gbọ́ o.”

Ohun táwọn aṣáájú ìjọ méjì yòókù ti wá sọ nìyẹn.

“Wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi, Ìyá,” ni Bíṣọ́ọ̀bù wí, ó sì rọra ti ẹ̀rọ náà sábẹ́ àga.