Ìgbín Dá Gbé Àpótí Ìbò

Àlọ́ mi rá pálá, ó rá pálá, ó rá bá Ìgbín, tó ń du ipò ààrẹ ẹranko láìwọ ẹgbẹ́ kankan.

Lọ́jọ́ ìbò, ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n máa ń tò sí ní pápá. Ọ̀nà pápá há, ẹ̀gún wà lọ́tùn-ún lósì. Ìgbín bojú wẹ̀yìn, ó rí èrò bẹẹrẹ. Inú rẹ̀ dùn, ó dá orin, wọ́n ń gbè é:

Ta ló wà lẹ́yìn mi?
*Ṣáà máa lọ, Ìgbín!*
Ta lẹ ó fi jẹ ààrẹ?
*Ṣáà máa lọ, Ìgbín!*

Bí wọ́n ṣe dé pápá, Ọ̀bọ jágbe: "Bàbá Ìgbín, ẹ yà jàre! Ẹ̀yìn Erin là ń lọ!"

Gbogbo wọn dà gììrì kọjá. Ìgbín tún wẹ̀yìn, ìkarahun rẹ̀ nìkan ló kù.

Ó ní, "Ìwọ lolóòótọ́. Tò dáadáa!"

Bí mo bá purọ́, kí n rá pálá délé.