Káàdì Tí Mo Buwọ́ Lù

Nígbà tí mo ń ṣe wolé-wolé, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo bá buwọ́ lu káàdì àyẹ̀wò tó wà lára ògiri Ìyá Aṣàkẹ́ pé omi rẹ̀ mọ́. N kò ṣí àmù rẹ̀ wò. Kò pé oṣù kan tí onígbáméjì fi gbé òun àtọmọ mẹ́ta lọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, mo gba ibẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́. Ilé ti wó, ó ku ògiri kan ṣoṣo. Káàdì mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ẹnì kan ń bu omi lẹ́yìn ògiri.

“Wolé-wolé, ẹ káàbọ̀,” ni Ìyá Aṣàkẹ́ wí. “Òjò ti dá. Ẹ wá wo àmù.”