Ta Ló Yarọ Níbí?

Ìyá ọkọ wọlé, ó bá ìyàwó tó ń fi òòlù fọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Kẹ̀kẹ́ arọ gbọ́dọ̀ lè gba ibí kọjá, Mà."

Ìyá yínmú. "Ìyàwó tó ń ṣe bíríkìlà! Ta ló yarọ níbí? Koko lara ọmọ mi le! Má fi ihò ògiri pe àìsàn wá bá a o."

Òòlù já bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó, ìgbà kẹta láàárọ̀ yìí.

"Òòlù tó ń fi jẹun, kò lè dì í mú. Ọ̀lẹ paraku!"

Ìyá fi ẹsẹ̀ ta òòlù náà sí i.

"Ara ọmọ yín le lóòótọ́, Mà. Òun ni yóò máa tì mí. Ọwọ́ mi ti ń kú lọ, dókítà ní ẹsẹ̀ ló kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé òòlù yẹn, kí n parí ẹnu ọ̀nà mi."