Ìdánwò Lórí Ibùsùn Màmá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìdánwò náà síwájú. Lákọ̀ọ́kọ́, iná lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, fóònù ń gbé àwòrán, kò gbé ohùn. Ilé ìtọ́jú arúgbó tó wà lókè òkun náà wá sọ ọ́ kedere pé àwọn ò ní sún un mọ́. Ẹni tí kò bá sì rí iṣẹ́ gbà níbẹ̀ kó tó kúrò nílé, kò sẹ́ni tó máa fún un ní físà.

Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin Màmá gbá yàrá, ó ṣí fèrèsé méjèèjì. Ó gbé agolo mílíìkì sórí tábìlì, ó fi fóònù tì í kó lè máa wo ibùsùn tààrà. Ó bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ sínú bókẹ́ẹ̀tì, ó gbé e wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò gbé e kaná. Tíì tó kù sínú fúláàsì láti àná ló bu sí ife kan ṣoṣo, kò sì mu ún.

Télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì kan ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi, òní lòní o! Màmá ńkọ́? Mi ò gbọ́ ohùn wọn. Àbí wọ́n ti gbàgbé pé àwọn ni aago tó ń jí mi?"

Ọmọbìnrin náà dúró dí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, ẹ̀gbọ́n. Ìdánwò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa, ó dáa. Mi ò ní fẹsẹ̀ kan maṣíìnì títí o ó fi ṣe tán."

Ara Màmá náà ni ọmọbìnrin náà ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú yìí. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ Màmá ti rọ, òun ló ń yí wọn, òun ló ń wẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òkè òkun sì dé, Màmá sọ ara wọn di olùkọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn á máa ṣe bí arúgbó tó lágídí.

"Ta ló ní kó o wẹ̀ mí? Ẹ bá mi pe ọlọ́pàá!"

"Màmá, àwọn tibẹ̀ kì í ṣe báyìí."

"Wọ́n máa ń ṣe jù báyìí lọ. Kọ́kọ́ sọ ohun tó o fẹ́ ṣe fún mi, dúró díẹ̀, kó o tó fọwọ́ kàn mí. Èmi kì í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì."

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Màmá ò ṣeré yẹn. Wọ́n ní ó rẹ àwọn.

"Tó bá di ọ̀la, mi ò ní yọ ẹ́ lẹ́nu rárá. Bí ilé ń jó, o ò gbọdọ̀ sún un mọ́. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Fóònù dún. Obìnrin onígíláàsì kan yọ lójú rẹ̀. Òun ni ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà, ọmọ ilé tó ti pẹ́ lókè òkun. Ọkùnrin kan jókòó tì í, kò gbọ́ èdè wọn, ó kàn ń kọ̀wé.

"Màmá nìyẹn? Ẹ káàárọ̀ o, Màmá."

Màmá dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Ìborùn wọn gba abẹ́ àgbọ̀n lọ sókè orí, ó fún dáadáa.

"Ṣé eyín ń dùn wọ́n ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo so ó bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, fọ ẹ̀yìn wọn, kó o sì pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láìgbé wọn kúrò lórí ẹ̀."

Ó tẹ̀ ba. "Màmá, mo fẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sórí àyà." Ó dúró díẹ̀. Ọwọ́ náà ò fẹ́ ká. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mú, ó fi àtàǹpàkò ra á jẹ́ẹ́jẹ́ títí ó fi gbà.

"Ọwọ́ wọn le," ni ọ̀gá wí.

"Ó ti ń le, mà. Mi kì í fipá fà á."

Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀.

"Màmá, omi rèé o. Ó tutù, ẹ má bínú." Ó fọ ẹ̀yìn wọn, ó nu ún gbẹ, ó nu ẹ̀yìn etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ká aṣọ àtijọ́ sábẹ́ wọn, ó tẹ́ tuntun, ó yí wọn bọ́ sórí ẹ̀. Kò sí ibi tó hunjọ.

"Ó ku omi mímu. Fi ṣíbí fún wọn díẹ̀ ká rí i."

Ó mú ṣíbí. Ó wo ẹnu Màmá. Ó dá ṣíbí padà sínú ife.

"Mi ò lè fún wọn báyìí, mà. Kò ní lọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ohun tí mò ń wò gan-an nìyẹn! Àwọn kan á kàn ki ṣíbí bọ ẹni tó ń sùn lẹ́nu, bí ẹni ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Ta ni yóò wá máa tọ́jú Màmá tó o bá dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bọ̀ wá gbé wọn, mà."

"Nígbà wo?"

"Lónìí."

Ọ̀gá bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó yíjú padà. "Iṣẹ́ ti di tìrẹ. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Mi ò tíì rí arúgbó tó fara balẹ̀ báyìí níbi ìdánwò."

"Wọ́n ti ṣèlérí fún mi, mà."

Ojú fóònù ṣókùnkùn. Ní yàrá kejì, maṣíìnì télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ọmọbìnrin náà jókòó sétí ibùsùn, ó mu tíì tútù náà tán.

"Màmá, wọ́n gbà mí o," ló wí, ó sì dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró.

Lẹ́yìn náà, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ wá gbé Màmá, wọ́n ti jáde láyé láti ìdájí, mo sì ti wẹ̀ wọ́n."