Sánmà Ara Ògiri Bàbá Olúgbodé

Ọjọ́ kẹta rèé tí Adéṣínà ti ń ya sánmà sára ògiri pálọ̀ Bàbá Olúgbodé, lẹ́yìn rélùwéè ìṣeré kékeré tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí tábìlì. Ojú bàbá ń fọ́ lọ, ó sì fẹ́ rí sánmà náà kó tó fọ́ tán.

Ẹ̀yìn ń ro Adéṣínà, apá rẹ̀ ti kú. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó rí i pé ìkùukùu tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti dé ẹ̀bá ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ṣé ẹ fọwọ́ kan ògiri yìí ni?"

"Èmi tí mo wà lẹ́yìnkùlé látàárọ̀?"

Adéṣínà sọ fún ara rẹ̀ pé àárẹ̀ ló ń da òun láàmú. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìkùukùu náà láti mọ̀ bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ wọnú ògiri dé ọrùn ọwọ́. Lọ́hùn-ún, nínú sánmà tó yà, òjò tútù ń rọ̀ sí i lọ́wọ́.