Àkọsílẹ̀ Òní

Ọ̀la ni wọ́n máa sin bàbá wọn. Mosúnmọ́lá nìkan ló kù sí ọ́fíìsì nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ń wá àwọn ìrántí bàbá náà tí òun àti àbúrò rẹ̀, Adégòkè, jọ ń kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ “Bàbá”, àmì tí wọ́n fi sára ìrántí kọ̀ọ̀kan, ó fi “òní” kún un, kí ti àtijọ́ má bàa jáde. Ọ̀kan péré ló jáde:

“Mosún, mo ti wọlé.”

Ilẹ̀kùn dún, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni.

Ó fi fídíò pe Adégòkè. “Ṣé ìwọ lo kọ eléyìí?”

“N ò kọ nǹkan kan lónìí, ẹ̀gbọ́n mi.” Adégòkè ranjú mọ́ ẹ̀yìn Mosúnmọ́lá nínú fídíò náà. Ó rọra sọ fún un pé:

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀yìn.”